Fákúùmù Ọ̀gá Pátápátá

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó bo oúnjẹ rẹ̀ kó tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí lọ, nítorí eruku inú rẹ̀ pọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ pàápàá ti fọn imú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó. Mi ò ní purọ́ fún yín pé nítorí ẹ̀kọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn tó bá dórí àga tán, tí wọ́n wá rò pé àwọn làwọn gbẹ́ àga náà, ti sú mi.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Pátápátá. Òun ni adelé olórí Ilé-iṣẹ́ Ìmọ́tótó, ìyẹn àwọn tó ń rí sí i pé títì mọ́, gọ́tà ń ṣàn, ààtàn kò sì kún jù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "adelé" yẹn sọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ sí i létí. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe adelé, Ìgbìmọ̀ tó ga jù ú lọ kò sì tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sórí àga, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún bí eyín tó ti kẹ̀. Akọ̀wé kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ sórí lẹ́tà lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí wọ́n ti ń ka ṣọ́bìrì àti bárò ni wọ́n gbé akọ̀wé náà lọ.

Bí Ọ̀gá Pátápátá bá ń wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń jíṣẹ́ á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ọ̀gá á rọra kọjá láàárín wọn, á dúró, á wá béèrè bóyá ìlú mọ́. Gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ìlú mọ́, sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ́tà tó wà níwájú ọ́fíìsì gan-an ń rùn débi pé àwọn tó ń kọjá ń fi ọwọ́ dí imú. Igbákejì rẹ̀ ló máa ń gbé báàgì rẹ̀ ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni wọ́n ń pe igbákejì yìí, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kò ju ìyẹn lọ, ó sì ti fi ìyẹn nìkan kọ́ ilé méjì.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ọ́fíìsì, ká lọ sílé, torí ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà: Ọ̀gá Pátápátá fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, àti ìyá Ọ̀gá, arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n tí ikọ́ fée ti fi àyà rẹ̀ ṣe ilé. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Kápẹ́ẹ̀tì pupa kan wà ní pálọ̀, ó lọ láti ògiri dé ògiri, ó tún gba ọ̀nà kọ̀rọ̀ wọ yàrá ìyá. Ó nípọn débi pé bí abẹ́rẹ́ bá já sínú rẹ̀, ó di àwátì. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọ̀kan nínú méjì ni: kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò, tàbí kí wọ́n máa fi fákúùmù fa eruku inú rẹ̀ lójoojúmọ́, torí eruku yẹn ló ń di màmá lẹ́mìí.

Ọ̀gá Pátápátá ní kápẹ́ẹ̀tì kò ní kúrò. Ó ní ẹni bíi tòun kì í fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà ọrùn ìyàwó ni iṣẹ́ já lé, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án ti fákúùmù kan lójoojúmọ́ láìráhùn, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí fákúùmù náà hó, tó rú èéfín, tó sì dákẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná tó wà ní òpópónà kejì. Oníṣẹ́ iná tú u, ó wo inú rẹ̀, ó mi orí. Ó ní iná ti jó mọ́tọ̀ inú rẹ̀, kí wọ́n kúkú lọ sin ín.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná yìí ní fákúùmù kékeré kan lórí àtẹ rẹ̀, tuntun ni, àwọ̀ eérú, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Àpò inú rẹ̀ ṣeé fọ̀, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀, ìsọ̀ náà ló ti máa rí òmíràn rà. Oníṣẹ́ iná da ìyẹ̀fun igi sórí ẹní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó tan án, ó sì fa gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé lójú ìyàwó. Iye tó pè é kò ju agbára tíṣà lọ. Ayọ̀ ni ìyàwó fi rìn délé.

Ọ̀gá Pátápátá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ó sì di àyà mú.

"Ṣé ohun tí wọ́n ń tà ní iye yẹn ló máa wọ ilé mi? Tí Ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ńkọ́?"

"Kì í ṣe Ìgbìmọ̀ ni ikọ́ ń ṣe," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Mọ́mì ni."

Ìyá náà gbọ́ wọn láti orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ọmọ òun ṣáà ra èyí tó bá lè fa eruku. Ọmọ ní kí màmá fi í lé òun lọ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹni tó ń gbéra ga bá ti ní kí wọ́n fi nǹkan lé òun lọ́wọ́, kí oníkálukú lọ wá ibi tó máa fara pamọ́ sí.

Ọ̀gá Pátápátá pe ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìpàdé lórí fákúùmù, ní pálọ̀ ara rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Òun ni alága, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni akọ̀wé, ìyàwó sì jẹ́ òǹwòran tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í. Wọn ò bi í. Alága dìde, ó tún kóótù rẹ̀ ṣe, ó wo ẹni mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹgbàárùn-ún èèyàn.

"Fákúùmù kì í ṣe fákúùmù lásán," ó bẹ̀rẹ̀. "Fákúùmù ni ojú ilé. Ilé ni ojú onílé. Onílé ni ojú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ sì ni ojú ìlú. Tí fákúùmù bá wá kéré, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlú ló kéré yẹn."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàtẹ́wọ́ títí ó fi fa áńkáṣíìfù yọ, ó nu ojú. Ikọ́ gbé ìyá ní ìdí fèrèsé. Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá náà fọwọ́ sí i.

Ohun mẹ́ta ni ìpàdé náà fẹnu kò lé lórí. Fákúùmù tuntun gbọ́dọ̀ ga tó èyí tí àlejò máa rí láti ẹnu ọ̀nà. Ariwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé kejì. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí ọmọ abẹ́ Ọ̀gá kankan lè rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ eruku.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá àti igbákejì rẹ̀ wọ ìsọ̀ ńlá kan tí wọ́n fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀. Fákúùmù tò lọ rẹrẹ níbẹ̀, kékeré àti ńlá, Ọ̀gá sì kọjá lára wọn bí ẹni tó ń kọjá lára alágbe. Ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló ti rí ohun tó wá. Nǹkan náà dúdú, wúrà yí i lẹ́nu ká, ó ga dé àyà èèyàn, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu kànga. Ọkùnrin tó ń tajà sáré tẹ̀ lé wọn.

"Sà, ìyẹn kì í ṣe—"

"Ṣé mo bi ẹ́ ní nǹkan?"

"Rárá, sà. Àmọ́ wọ́n fi ń—"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ẹ́ nìyí. Ṣé òun ló tóbi jù níbí?"

Ọkùnrin náà ní òun ló tóbi jù. Ọ̀gá ní ó ti tó, kó lọ kọ rìsíìtì. Bẹ́ẹ̀, ó hàn gbangba lára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà pé kì í ṣe fákúùmù rárá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí kápẹ́ẹ̀tì inú gbọ̀ngàn ńlá ni, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán tó bá ṣì tutù, kó lè tètè gbẹ. Kì í fa nǹkan kan. Fífẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ka páálí yìí láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ọ̀gá yíjú sí i, ó bi í bóyá ó ti kà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀gá bi í bóyá ó dáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò sì lè pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́, torí ẹ̀rọ náà dáa, lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Ọ̀gá Pátápátá wọ kóótù, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ní kí gbogbo ilé jókòó, ó sì tan án. Ariwo rẹ̀ mú kí ajá àdúgbò sá wọ abẹ́ mọ́tò. Eruku tó ti ń sùn nínú kápẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí fákúùmù àtijọ́ ti kú jí, ó dìde, ó fò. Nígbà tó pa á, ojú kápẹ́ẹ̀tì mọ́ lóòótọ́. Eruku ti wà lára kọ́tìnnì, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nínú ìkòkò ọbẹ̀, àti lórí ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni Ọ̀gá wí. "Ibo ni eruku wà?"

"Ó wà lórí ìrọ̀rí Mọ́mì," ni ìyàwó dáhùn. "Ẹ̀rọ yín ń fẹ́ ni. Kì í fà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò bínú sí i, pé ọmọ kíláàsì kẹta ló ń kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí sì ju ti kíláàsì kẹta lọ. Lójú ẹsẹ̀ ló ti là á sílẹ̀ pé ní gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́wàá, òun fúnra òun ni yóò máa tan ẹ̀rọ náà, bẹ̀rẹ̀ láti yàrá màmá òun, torí ìyá ẹni là ń fi ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ wá kúrò ní ẹ̀rín. Bí Sátidé bá ti kọjá, màmá kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Á jókòó ṣánṣán lórí àga, èémí rẹ̀ á máa súfèé, ọwọ́ rẹ̀ á sì di apá àga mú gírígírí. Lẹ́yìn Sátidé kẹta, ìyàwó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fi ohun èlò gbọ́ àyà rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé bí arúgbó yìí bá ń mí irú eruku yìí lọ, kò ní pẹ́ kú.

Ìyá náà tẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò Ọ̀gá, láago pé kí ọkọ rẹ̀ wá gbé òun. Wọ́n fi í sí Sátidé tó ń bọ̀. Kò wù ú láti lọ. Àjà kẹrin ni ọmọbìnrin náà ń gbé, bó bá sì gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún gbé e sọ̀ kó tó rí ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì ilé Ọ̀gá tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ìyàwó náà sunkún nígbà tó ń bá a di àpò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá tó bí i ti kú, kò ní ìyá míràn, ó sì ń dùn ún pé afẹ́fẹ́ ni yóò gba èyí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó máa ń sunkún tán kó wá káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ kejì, bí iléèwé ṣe jáde, ó kọjá sí ìsọ̀ oníṣẹ́ iná, ó sì fi owó oṣù ara rẹ̀ ra fákúùmù kékeré aláwọ̀ eérú náà. Abẹ́ ibùsùn ìyá ni wọ́n gbé e pamọ́ sí, lẹ́yìn bàsíà. Ní gbogbo ọ̀sán tí Ọ̀gá bá wà níbi iṣẹ́, ìyàwó á máa tì í, ìyá á máa ṣọ́nà ní fèrèsé. Wọ́n fa kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n fa ìrọ̀rí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, arúgbó náà sùn ní ìfẹ̀yìnlélẹ̀, ó sì jẹun tán nínú àwo. Síbẹ̀ kò tú àpò rẹ̀. Ó ní bí ìyàwó bá fi ọjọ́ mẹ́fà tún un ṣe, ọjọ́ kan péré ni ọmọ òun máa fi bà á jẹ́.

Ọ̀gá Pátápátá rí i pé ìyá òun ń jẹun. Ó rí i pé kò wúkọ́ ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi jókòó. Ó gbá tábìlì, ó ní ṣé wọ́n rí i, ó ní ẹ̀rọ òun ti wo màmá òun sàn. Ìyá wo ìyàwó. Ìyàwó wo ilẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ òótọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti ń pe Bẹ́ẹ̀-ni-sà lórí fóònù, torí ìrònú ńlá kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ló máa fi hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà sí àárín bí ọba. Ìyá agbálẹ̀, tó ti ń gbá ọ́fíìsì náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni Ọ̀gá pàṣẹ fún pé kó kó eruku ọ̀sẹ̀ kan jọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé, kó sì sẹ́ òkúta inú rẹ̀ kúrò kó lè kúnná. Korobá méjì ló kún. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá tó ní ipò jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló ti kọjá lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, gbogbo wọn ló ti ka páálí. Ọ̀kan nínú wọn mú agboòrùn wá, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni ìpàdé wà.

Ìgbìmọ̀ jẹ́ ẹni márùn-ún. Olórí wọn ni ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tó so awò ojú mọ́ ọrùn. Ọ̀gá Pátápátá sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mi ò ní tún un sọ, mo bọ̀wọ̀ fún àkókò yín. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó na ìka sí ìyá agbálẹ̀ pé kó da eruku náà sílẹ̀.

"Sà, ṣé kí n da gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Sà, ẹ̀rọ yìí, ó dà bíi pé—"

"Màmá, mi ò bi yín."

Ìyá agbálẹ̀ da gbogbo rẹ̀. Ó gbé korobá rẹ̀ méjèèjì, ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni mo lè pè ní ọlọ́gbọ́n.

Ọ̀gá fi ìka kan tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì yí i dé ibi tó le jù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àṣejù, baba àṣetẹ́. Korobá eruku méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọ lu òrùlé, ó padà sílẹ̀, ó tún dìde. Ojú ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn Ìgbìmọ̀ wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, torí àwọn ìyẹn ti tètè wọ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wúkọ́. Ọ̀gá ń ké pe Bẹ́ẹ̀-ni-sà pé kó pa á. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń dáhùn láti ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìyá agbálẹ̀ ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sídìí iná, tó pa gbogbo iná ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ náà kú. Eruku rọra ń bọ̀ wálẹ̀. Olórí Ìgbìmọ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, aṣọ funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ amọ̀. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ka páálí sókè ketekete, bí ẹni tó ń ka ìwé fún kíláàsì. Nígbà tó kà á tán, ó yíjú sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó wà níbí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Wọn ò bi mí, mà."

Ó bi àwọn mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ̀, mà. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ó wá dojú kọ ẹni tó ni ìpàdé, tí eruku ti bo irun rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ àti bàtà tó ń dán.

"Adelé," ó wí, ó sì rọra sọ ọ́, "ó jọ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ̀."

Olórí Ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì tí ẹnì kan ò ti lè sọ fún ọ̀gá pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìgbálẹ̀, òun ò lè fi ìmọ́tótó ìlú lé irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó lọ dúró de lẹ́tà nílé. Nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá wẹ̀yìn wo ẹni tó máa bá a gbé báàgì, báàgì olórí Ìgbìmọ̀ ló wà lọ́wọ́ Bẹ́ẹ̀-ni-sà.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sílé. Dẹ́rẹ́bà ní mọ́tò náà ti ilé-iṣẹ́ ni, pé àga ẹ̀yìn kò sì gbọdọ̀ dọ̀tí, sà. Àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí i lójú títì kò dá a mọ̀. Ẹnì kan kí i pé ó kú iṣẹ́, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì ní ìkángun òpópónà ni.

Ìyá rẹ̀ wà lórí àga nígbà tó wọlé, àpò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe òun. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí àyà màmá fi dí. Ó ń wá èémí, kò rí i, ó na ọwọ́, ó ń ti ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyàwó sáré jáde láti kíṣíìnì.

"Ẹ jáde," ó ní. "Eruku ara yín ni."

Ó wo aṣọ ara rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ó ṣe kúnlẹ̀ náà ló fi ń fà sẹ́yìn, títí ó fi dé ìta. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bọ́ kóótù, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ ṣòkòtò, ó ku pátá nìkan, ó sì ń da omi sórí ara rẹ̀ láti inú korobá, ní ojúmọmọ, lójú ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, màá sì tún máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n níbi tó dúró sí yìí, ẹ̀rù ló bà mí fún un. Ó gbọ́ tí wọ́n fa nǹkan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó gbọ́ ohùn kan, kò pariwo, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ó fetí sílẹ̀ títí tí èémí ìyá rẹ̀ fi dẹ́kun sísúfèé. Ó ro táwẹ̀lì mọ́ ìdí, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Fákúùmù ni," ni ìyàwó wí.

"Ó kéré."

"Ó ń fà."

Ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo fákúùmù náà, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Kò sí ìpàdé nílé náà lọ́jọ́ yẹn.

Ní Sátidé, ní aago mẹ́wàá, ó jáde láti inú yàrá. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ó ní kí ìyàwó òun kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lò ó. Obìnrin náà kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ó mú ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tó yẹ. Ọkùnrin náà fa yàrá ìyá rẹ̀, ó fa pálọ̀, ó làágùn, ó sì nàró, ó ń dúró de àtẹ́wọ́ láìmọ̀ pé òun ń dúró dè é. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ti mọ́.

"Kò tíì mọ́," ó ní. "Ẹ ò dé abẹ́ àga."

Ó ti pé ọdún mélòó tí ẹnì kan ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì fi fákúùmù kékeré náà wọ abẹ́ àga.

Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ wọlé láti wá gbé ìyá. Àna náà kí gbogbo ilé, ó nawọ́ sí àpò, ó wá rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ àga, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn dúdú fún eruku. Ó rọra bi màmá pé ta nìyẹn.

Ìyá náà mí sínú, ó mí síta, kò yára, kò sì súfèé.

"Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀ ná, àna mi," ó ní. "Agbálẹ̀ tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Mo fẹ́ fi oṣù kan wò ó bóyá ó máa lè ṣe é."